Ẹ̀rín Ta Ni Àwọn Ọmọ Wa Ń Wá Lórí Fóònù?

"Àǹtí, ọjọ́ tí mo gbé tirẹ̀ síta ni wọ́n fi tèmi sílẹ̀."

Ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn ni ọmọkùnrin kan sọ gbólóhùn yìí fún mi lẹ́yìnkùlé wa ní Parákin, nílùú Ilé-Ifẹ̀ níbí, kò sì tíì kúrò lọ́kàn mi. Mo gbé e lọ sọ́jà, mo gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbé e sùn. Ohun tó jẹ́ kó máa dà mí láàmú ni pé kò bá ohunkóhun tí àwa àgbà ń sọ nípa irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mu. Bí a bá gbọ́ pé ọmọ kan ń fi ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀sín lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ohun tó máa ń yá wa lẹ́nu ni pé kò lẹ́kọ̀ọ́ ilé, pé fóònù ti bà á jẹ́, pé àwọn ọmọ ìwòyí kò láàánú. Ọmọ tí mò ń wí yìí lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ìdọ̀bálẹ̀ ló fi ń kí mi láàárọ̀. Òun ló ń bá ìyá àgbà tó wà nílé kejì sí tiwa fa omi kànga, kì í sì í gba owó. Fóònù tó ní kò ju èyí tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti lò gbó lọ.

Síbẹ̀, ohun tó ṣe sí ọmọ ọlọ́mọ burú. Mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀.

## Ìyá Oorun

Mo máa ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní ìṣirò nírọ̀lẹ́. Ọ̀kan nínú wọn ni ọmọbìnrin kan tó wà ní SS2, tí ìyá rẹ̀ ń din àkàrà. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ alákàrà mọ̀ pé iṣẹ́ òru ni. Ẹ̀wà tí wọ́n rẹ, wọ́n á bó o, wọ́n á ṣan èèpo rẹ̀ dànù, wọ́n á gbé e lọ sẹ́nu ẹ̀rọ, wọ́n á pò ó títí yóò fi fúyẹ́, kí epo tó gbóná, kí àwọn ọlọ́kadà àti àwọn òṣìṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í tò. Ọmọbìnrin yìí ló ń bó ẹ̀wà, òun náà ló ń gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń lọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà ló tó ń wọṣọ ilé-ìwé. Kí olùkọ́ kẹta tó wọ kíláàsì, oorun á ti gbé e lọ.

Wọ́n ya á ní fọ́tò níbi tó ti sùn, tó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé ìwé, tẹ́nu rẹ̀ là sílẹ̀, tí itọ́ yọ díẹ̀ létí ẹnu rẹ̀. Wọ́n gé orí jáde lára fọ́tò náà, wọ́n kọ "Ìyá Oorun" sábẹ́ rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di sìtíkà WhatsApp, àwòrán kékeré tí èèyàn ń fi ránṣẹ́ dípò ọ̀rọ̀. Bí ẹnì kan bá béèrè iṣẹ́ àmúrelé nínú gúrúùpù kíláàsì wọn, sìtíkà. Bí ẹnì kan bá kí wọn pé ẹ kú alẹ́, sìtíkà. Bí wọ́n bá ń jiyàn bọ́ọ̀lù tí ọ̀rọ̀ ẹnì kan ò mọ́gbọ́n wá, sìtíkà. Kò pẹ́ tó fi dé ilé-ìwé mìíràn. Lọ́jọ́ kan, ọmọ tí kò mọ̀ rí pè é ní Ìyá Oorun ní Lágere, níbi tó ti ń dúró de ọkọ̀. Ọjọ́ náà ló délé tó sọ fún ìyá rẹ̀ pé òun ò lọ sílé-ìwé mọ́.

Ìyá rẹ̀ wá bá mi. Fóònù kékeré onítọ́ọ̀ṣì ni òun ń lò. Ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n nù ún kúrò níbi tí wọ́n kọ ọ́ sí." Lójú tirẹ̀, ara ògiri kan ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ó nira fún mi láti là á yé e pé gbogbo ẹni tó bá ti tọ́jú sìtíkà yẹn sórí fóònù tirẹ̀ ti di onísìtíkà, àti pé bí ẹni tó ṣe é bá pa á rẹ́ lónìí, tàwọn yòókù wà níbẹ̀. WhatsApp fúnra wọn ti gbìyànjú láti dín àtagbà ọ̀rọ̀ kù. Láti 2019, ibi márùn-ún péré lèèyàn lè ta ọ̀rọ̀ kan sí lẹ́ẹ̀kan. Ní 2020, wọ́n ní ọ̀rọ̀ tó bá ti gba ọwọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn kọjá, ibì kan ṣoṣo ni a ó lè máa ta á sí lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti tọ́jú sìtíkà kò nílò láti ta á látaré. Ńṣe ló ń fi í ránṣẹ́ bí ohun tuntun, nígbàkígbà tó bá wù ú.

## Orí ẹni tó wà lókè

Kò ṣòro láti mọ ẹni tó ṣe é. Àwọn ọmọ kì í fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pamọ́, torí oríyìn wà níbẹ̀ fún wọn. Mo ní kí ọmọkùnrin náà dúró lẹ́yìn tí àwọn yòókù ti lọ. Iná ti lọ, ilẹ̀ sì ti ń ṣú. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ìmọ́lẹ̀ fóònù rẹ̀ ń tàn sí i lójú láti ìsàlẹ̀.

Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Cruise ni, Àǹtí. Eré la kàn ń ṣe." Mi ò dá a lóhùn. Ohun tí mo ti rí lẹ́nu iṣẹ́ ọmọ kíkọ́ ni pé bí èèyàn bá lè dákẹ́ pẹ́ díẹ̀, ìdáhùn tó kọ́kọ́ wá á kọjá, èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á sì jáde. Ó ń yí fóònù náà lọ́wọ́. Gíláàsì rẹ̀ ti là láti igun kan dé igun kejì, ó sì fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, ó ṣí gúrúùpù náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtàǹpàkò fa ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, ó ń fà á, ó ń fà á, títí ó fi dé sáà tó kọjá. Ó wá na fóònù náà sí mi.

Orí tirẹ̀ ló wà níbẹ̀. Wọ́n ti fa etí rẹ̀ gùn, wọ́n kọ "Elétí Ehoro" sábẹ́ rẹ̀. Bí mo ṣe ń kà á bọ̀ wá sísàlẹ̀ ni mò ń rí i: orí rẹ̀, orí rẹ̀, orí rẹ̀. Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn ojú aláwọ̀ ìyeyè tó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Ibì kan wà tó ti bẹ̀ wọ́n pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ó ti tó." Sìtíkà yẹn náà ni wọ́n fi dá a lóhùn. Níbòmíràn, òun fúnra rẹ̀ fi sìtíkà ara rẹ̀ síbẹ̀, ó ń bá wọn rín in. Èyí ló dùn mí jù nínú gbogbo ohun tí mo rí. Ọmọ náà ti ń fi ara rẹ̀ ṣẹ̀sín kí wọ́n má baà rò pé ó ń dun òun.

Ìgbà tí mo kà á dé ibi kan, sìtíkà ọmọbìnrin alákàrà yọ. Láti ibẹ̀ lọ, mi ò rí etí ehoro mọ́. Ìgbà náà ló sọ gbólóhùn tí mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ ọmọbìnrin yẹn ló mú. Ó dákẹ́, ó wolẹ̀. Ó ní, "Kò sí nínú gúrúùpù. Kò ní fóònù. Kò sẹ́ni tó máa gbèjà rẹ̀."

Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó ń bẹ lájà fún ìyàwó. Ọmọkùnrin yìí kò ṣẹ́ pàṣán náà. Ẹ̀yìn ara rẹ̀ ló gbé kúrò níbẹ̀, ó sì fi ẹ̀yìn ẹlòmíràn dípò. Kò ṣe é nítorí ìkórìíra. Kò tilẹ̀ bínú sí ọmọbìnrin náà rí. Ẹ̀rù ló ń bà á.

Mi ò sọ pé kí a torí èyí fi orí jì í lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà tó ti ọmọ ẹlòmíràn sínú iná, iná náà ṣì jó ẹni tó tì. Ohun tí mò ń sọ ni pé bí a ò bá mọ̀ pé ẹ̀rù wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, gbogbo ìwàásù wa lórí àánú á máa gba orí wọn kọjá ni.

## Àwọn tó ń wò

Ní 2004, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá kan ní Amẹ́ríkà, John Suler, kọ nípa ìdí tí àwọn èèyàn fi ń ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì ohun tí wọn ò jẹ́ ṣe lójúkojú. Lára ohun tó kà sílẹ̀ ni pé àwọn èèyàn kì í rí ara wọn níbẹ̀, pé wọ́n lè fi ẹni tí wọ́n jẹ́ pamọ́, àti pé èsì kì í dé lójú ẹsẹ̀. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀ lórí àìrí ara ẹni. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ká ní ọmọkùnrin yẹn dúró níwájú ọmọbìnrin náà tó ní "Ìyá Oorun", yóò rí i bí ètè rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n, yóò sì rí ọwọ́ rẹ̀ tí epo gbígbóná ti ta sí. Mo rò pé ẹnu rẹ̀ yóò kọ̀ ọ́.

Ibi tí èmi àti Suler ti yà díẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìfarapamọ́. Àwọn ọmọ ilé-ìwé wa kì í fara pa mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kíláàsì kan náà ni wọ́n wà, wọ́n mọ ohùn ara wọn, wọ́n mọ ilé ara wọn. Ọmọkùnrin náà fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun lòun ṣe é. Bí wọn ò bá mọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ kò pé, torí kò ní gbà á sílẹ̀.

Ìwádìí kan wà tí mo rò pé ó sún mọ́ òótọ́ ọ̀rọ̀ yìí ju ti Suler lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ló dá lé. Ní 2005, àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá méjì, Margo Gardner àti Laurence Steinberg, kó àwọn ọmọ ọdún 13 sí 16 jọ, àwọn ọ̀dọ́ ọdún 18 sí 22, àti àwọn àgbà tó ti pé ọdún 24 jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní kí wọ́n ta géèmù ọkọ̀ wíwà kan tó jẹ́ pé bí èèyàn bá ṣe ń fi ẹ̀mí wewu tó ló ṣe ń jẹ máàkì tó. Nígbà tí oníkálukú ń dá ta á, ọmọdé àti àgbà kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Ìgbà tí àwọn ẹgbẹ́ wọn dúró tì wọ́n ni nǹkan yí padà: àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í wa ìwàkuwà, àwọn àgbà sì ń ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ọmọ náà mọ ewu. Ojú ẹgbẹ́ rẹ̀ ló mú un gbàgbé rẹ̀.

Ẹ wá wò ó. Gúrúùpù WhatsApp kan lè gba èèyàn 1,024 báyìí. Nígbà tí èmi wà nílé-ìwé, bí wọ́n bá fẹ́ fi ọmọ kan ṣẹ̀sín, àwọn tó máa wò ó kò lè ju ìwọ̀nba tó lè dúró lábẹ́ igi máńgòrò kan lọ, agogo á sì lù, oníkálukú á wá ilé rẹ̀ lọ. Àwọn ọmọ yìí kò ní agogo. Wọ́n ń jí bá a, wọ́n ń sùn bá a. Ẹ̀rín náà sì ní òǹkà lábẹ́, tí olúkúlùkù lè kà kó mọ iye ẹni tó wà lẹ́yìn òun.

## A mọ ẹ̀fẹ̀ tẹ́lẹ̀

Àwọn kan yóò sọ pé Yorùbá fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀, pé a ti ń bú ara wa ṣeré látọjọ́ pípẹ́. Òótọ́ ni. Ní Ìbàdàn, ọjọ́ Òkèbàdàn nínú oṣù Kẹta, wọ́n ń kọrin èébú tí ẹnu ò gbọdọ̀ gbé lọ́jọ́ mìíràn, ẹni tí wọ́n bú kì í bínú. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ni. Ilẹ̀ á ṣú, ó parí nìyẹn, ẹni tó bá tún un sọ lọ́jọ́ kejì á rí ìjà. Ní ìhà Kétu, Ẹ̀fẹ̀ tó ń jáde lóru ṣáájú Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ń fi orin tú àṣírí àwọn tó hùwà àìtọ́ láàárín ìlú. Ìwà ló ń bá wí. Mi ò gbọ́ ọ rí pé Ẹ̀fẹ̀ kọrin bú ọmọ tó sùn nítorí pé ó ti ń ṣiṣẹ́ fún ìyá rẹ̀ láti òru.

Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fi àṣà wa bo ìwà yìí. Àwọn tó ṣe àṣà náà mọ̀ pé èébú léwu, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fún un ní ọjọ́ tirẹ̀, tí wọ́n sì sọ ẹni tó tọ́ sí.

## Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde

Níbi tí ọ̀rọ̀ wá le sí ni pé àwọn ọmọ yìí kò dá èdè ẹ̀sín sílẹ̀ fúnra wọn. Ẹ ṣí gúrúùpù ẹbí yín. Láàárín àdúrà òwúrọ̀ àti ìkíni ọjọ́ìbí, ẹ ó rí fídíò ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn olè kàn, tí wọ́n bọ́ sí ìhòhò, tí ó ń sunkún. Bàbá ló fi ránṣẹ́. Àwọn àǹtí àti àbúrò bàbá ló fi ojú ẹ̀rín sí i. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá wà nínú gúrúùpù náà, ó ń wò ó.

Nílùú tiwa yìí, ohun mìíràn tún wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ tó tún bẹ̀rẹ̀ ní 1997, ẹni tó bá wà níbẹ̀ kò ní gbàgbé rẹ̀ láéláé. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ tó wà nílé-ìwé gíga ìsinsìnyí kò tíì dáyé nígbà náà. Ṣùgbọ́n mo ti rí i níbi tí àwọn ọmọ méjì ti ń jà lórí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù lórí Facebook, tí ọ̀kan wá mú irú èébú ìgbà náà jáde, ó sì ju ú lu èkejì. Mi ò ní tún un kọ síbí. Ìbéèrè mi ni pé ta ló kọ́ ọ? Kò sí nínú ìwé kankan tí wọ́n ń kà. Inú pálọ̀ wa ló ti gbọ́ ọ, lẹ́nu ẹni tó rò pé ọmọ ń sùn.

Ẹni tó bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ní í bà. Ní Ifẹ̀, ó bà wá rí, a sì mọ bó ṣe rí.

## Ta ló rín in?

Nígbà tí ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin náà délé-ìwé, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ ni pé kí wọ́n pe ọlọ́pàá. Ẹnì kan mú òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ti 2015 jáde. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nígbà náà, abala 24 rẹ̀ sọ pé ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ burúkú tàbí irọ́ tó ń pani lára ránṣẹ́ lè ṣẹ̀wọ̀n tó tó ọdún 3 tàbí kó san owó ìtanràn tó tó mílíọ̀nù 7 náírà. Mo mọ abala náà. Ìdí tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ̀ ọ́n ni pé wọ́n máa ń fi í mú àwọn akọ̀ròyìn àti àwọn tó bá sọ̀rọ̀ sí àwọn alágbára, débi pé ilé-ẹjọ́ ECOWAS sọ ní 2022 pé kí Nàìjíríà tún un ṣe, wọ́n sì tún un ṣe ní 2024. Òfin yẹn ní ibi tó wúlò sí. Bí àgbàlagbà bá ń fi fọ́tò ìhòhò halẹ̀ mọ́ ọmọ kan, ẹ gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá kíá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún sátìmọ́lé nítorí sìtíkà, àwọn tó rẹ́rìn-ín á tún fi ojú rẹ̀ ṣe sìtíkà mìíràn kó tó jáde.

Ohun tí mo sọ fún olùkọ́ kíláàsì wọn ni pé kó má parí rẹ̀ sórí ẹni tó ṣe é. Kó béèrè ẹni tó rín in. Ẹ̀rín yẹn lowó ọjà náà. Bí ẹnì kan bá gbé orí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ síta, tí gbogbo ilé dákẹ́ lọ rọ̀rọ̀, mo dá a lójú pé kò ní gbé òmíràn wá. Ọmọ kan tó bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé "èyí ò dáa" lè tó, àmọ́ ọmọ náà nílò àgbà tó máa dúró tì í, torí orí tirẹ̀ ló kàn, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. A ò lè ní kí ọmọdé nígboyà, kí àwa sì jókòó.

Bàbá ọmọkùnrin náà mú un wá sí ilé alákàrà ní ọjọ́ Àìkú kan. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sì bẹ̀bẹ̀ dáadáa, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ni àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ní "ó ti tán, ó ti tán", wọ́n ní kí ọmọbìnrin náà fà á dìde, kí wọ́n dì mọ́ra wọn. Ọmọbìnrin náà kò mira. Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ tì í lẹ́yìn. Ẹnì kan tilẹ̀ ti ń sọ pé ọmọ náà lọ́kàn líle jù. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. A máa ń yára jù nídìí ká parí ìjà, pàápàá bó bá jẹ́ ọmọdé ni wọ́n ṣẹ̀, bí ẹni pé ara tiwa ni ẹ̀sín náà ti ń ta. Ẹnì kan péré ló dọ̀bálẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìyókù, tí orí rẹ̀ ṣì wà lórí fóònù wọn, kò wá. Bí yóò bá dárí jì wọ́n, nígbà tó bá wù ú ni.

Ó ti padà sílé-ìwé. Ìyá rẹ̀ ti bá obìnrin kan sọ ọ́ tí yóò máa bá a bó ẹ̀wà lóru, kí ọmọ lè sùn díẹ̀ sí i. Olùkọ́ kíláàsì náà gba ọ̀rọ̀ mi, ó ránṣẹ́ pe òbí gbogbo ọmọ tí ojú ẹ̀rín rẹ̀ wà lábẹ́ sìtíkà náà. Ọ̀pọ̀ wá. Àwọn kan kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní ọmọ àwọn ò ṣe nǹkan kan, ẹ̀rín ló kàn rín. Mo ti gba àdírẹ́sì wọn. Lọ́jọ́ Sátidé yìí, èmi àti olùkọ́ náà yóò lọ bá wọn nílé lọ́kọ̀ọ̀kan.